Ẹ̀kọ́ Omi Tí Mo Kọ́ Wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní Kùmásì tí wọ́n bí mi sí, Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Bí mo bá kọjá níwájú àwọn ọmọ Àṣáńtì tó ń ta iyọ̀ lójú ọ̀nà ọjà, wọn á ní, "Alátà, ìgbà wo lẹ máa lọ sílé yín?" N kò mọ ilé kankan ju yàrá tí bàbá mi ti ń ránṣọ lọ, tí ìyá mi ti ń to obì sínú ewé. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í jẹ́ kí n dá wọn lóhùn. Wọ́n á ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé wa. Lọ́jọ́ tí o bá débẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn mọ́."

Ìdí nìyí tí n kò fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, wá kí wa láti Èkó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà ni. Bàbá Àgbà ní ìjọba ń ṣí ilé ìwé káàkiri Èkó, pé ọmọ ti pọ̀ ju tíṣà lọ. Wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn, Múnírátù, ni ọ̀gá àwọn tíṣà kíláàsì kékeré nílé ìwé Mùsùlùmí kan tí kò jìnnà sílé.

"Ṣé ọmọ ọlọ́mọ ni ọmọ wa á máa kọ́," Bàbá Àgbà ní, "nígbà tí tiwa ò rí ẹni kọ́ wọn?"

Bàbá mi sunkún ayọ̀. Ìyá mi mú obì kan nínú ewé. Wọ́n ń yí obì kan ṣoṣo náà lọ́wọ́ títí ó fi gbóná.

Mo ti rò pé bí mo bá dé Èkó, Èkó á mọ̀ mí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Àwọn obìnrin agbo ilé wa ti tò síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà pọn ńsúò."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. "Ó fẹ́ pọn kí ni?"

Ńsúò ni àwọn Àṣáńtì ń pe omi. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mú un. Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi di Ọmọ Góòlù Kóòsì. Àwọn ọmọdé inú agbo ilé á sá tẹ̀lé mi, wọn á máa kígbe pé, "Ńsúò! Ńsúò!" Yorùbá tí mo ń sọ, Yorùbá tí bàbá mi gbé kúrò nílé nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Haúsá àti èdè Àṣáńtì sì ti wọ̀ ọ́ lára bí ibà ṣe ń wọ ara èèyàn. Bí mo bá la ẹnu, ńṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tó wọ aṣọ ìyá ìyá rẹ̀ jáde.

Múnírátù ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Sísí Múní ni mo ń pè é, nítorí ó ṣe ẹ̀gbọ́n mi dáadáa. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń lò fún un níbí. Ó yẹ kó jẹ́ "wọ́n" ni, "wọ́n" náà ni mo sì lò fún un títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má bínú. Ahọ́n mi ló kọ̀.

Ó fẹ́ràn mi o. Mo fẹ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù. Yàrá kan náà ni a jọ ń sùn. Òun ló mú mi lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ ra aṣọ, kí àwọn ọmọ ilé ìwé má baà fi kàbà mi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe ní jẹ́jẹ́, tí kò ní rẹ́rìn-ín. "Ará Èkó kì í sọ ọ́ báyẹn, àbúrò mi. Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́." Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ojú mi kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ó mọ̀ pé ilé ni mo ń rò. Á gbé àwo oúnjẹ tirẹ̀ wá, á da èyí tó dùn jù níbẹ̀ sí tèmi.

Iṣẹ́ tíṣà ló jẹ́ kí n lè gbé Èkó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò mọ̀ pé Yorùbá mi wọ́. Bí mo bá pe nǹkan ní orúkọ kan, orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kọ́ wọn pé gbogbo ohun tó wà láyé, ọ̀nà mẹ́ta ló fi ń wà. N kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Mo gbé òkúta wá. Mo gbé òróró àgbọn wá. Mo gbé ife òfìfo wá, mo bi wọ́n pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Tíṣà!"

Mo fún aṣọ gbígbẹ mọ́ ìdí ife náà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo tì í bọ inú omi tó wà nínú basíà. Nígbà tí mo fà á jáde, aṣọ náà gbẹ táútáú. "Ta ló wà nínú ife tí kò jẹ́ kí omi wọlé?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó gbé iwin wá sí kíláàsì. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Ràmọ́tù, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, ló kọ́kọ́ nawọ́. "Atẹ́gùn ni, Tíṣà. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ débẹ̀."

A fún ọ̀nà mẹ́ta náà lórúkọ láàrin ara wa: èyí tó le, èyí tó ń ṣàn, èyí tó ń fò. Wọ́n sọ ọ́ di orin. Bí wọ́n bá ń lọ sílé, mo ń gbọ́ ọ títí dé orí títì.

Lọ́jọ́ kan mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta ohun mímu tútù lẹ́bàá pápá bọ́ọ̀lù ní Oníkan, mo ra ègé omi dídì, mo fi àpò ìrẹsì wé e, mo sáré gbé e bọ̀ bí ẹni jalè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan kígbe pé, "Ó gbóná!" Ràmọ́tù gbé etí sún mọ́ ọn, ó wo bí ó ṣe ń kán tó-tó-tó. "Tíṣà, ó ń sunkún."

"Kò sunkún," mo ní. "Ó ń padà sí omi ni."

Lẹ́yìn náà mo gbé kẹ́túlù ka orí ààrò èédú ní igun kíláàsì, mo ní kí gbogbo wọn fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tó hó, mo gbé àwo tánganran tútù sókè ẹnu rẹ̀. "Kí lẹ rí tó ń jáde yẹn?"

"Èéfín!"

"Ó dáa. Ẹ wo ìdí àwo yìí."

Omi ti sẹ̀ sí i lára. Ó ń kán sílẹ̀. Wọ́n hó yèè. Inú mi dùn débi pé n kò rí Sísí Múní tó dúró lójú fèrèsé, tó ti ń wò wá tipẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ ní irú eléyìí?" ó bi mí nígbà tí ilé ìwé jáde.

"Wọ́n kọ́ wa díẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi ló ro ìyókù fúnra mi."

Ó ní, "Ìńsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ wá wò wá. Tún un ṣe lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí o ṣe ṣe é lónìí. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí àbúrò mi lè ṣe."

Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo gbà á gbọ́, nítorí kò tíì parọ́ fún mi rí.

Ọjọ́ náà pé. Mo to àwọn ọmọ sídìí ògiri, omi dídì wà nínú basíà, kẹ́túlù ti ń kọrin lórí iná. Àwọn àlejò ti dé kíláàsì tó tẹ̀lé tiwa. Sísí Múní wọlé, ó na owó sí mi. "Sáré lọ ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wá fún àwọn àlejò."

"Sísí Múní, omi ń hó lórí iná. Ẹ ò rán ẹlòmíràn?"

"Mo wà níbí. Ṣé n kò tó bójú tó omi ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀gá mi sì ni. Mo lọ.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìgò lórí àtẹ, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi láti ojú ọ̀nà. "Èyí tó le! Èyí tó ń ṣàn! Èyí tó ń fò!" Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn. Sísí Múní ló di àwo tánganran mú lókè kẹ́túlù. Ìńsípẹ́kítọ̀, òyìnbó onírùngbọ̀n kan, tẹ̀ síwájú láti wo omi tó sẹ̀ sí àwo náà, ó yíjú sí ọ̀gá ilé ìwé wa, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó. Ó bi Sísí Múní pé, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo rò ó?"

Ó ní, "Yẹ́sì, sà."

Mo dúró síbẹ̀, àtẹ wà lọ́wọ́ mi. Ràmọ́tù wò mí, ó wo Sísí Múní, ó tún wò mí. Sísí Múní kò wo ojú mi. Ó ní, "Gbé e síbẹ̀," bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n mu, wọ́n bọ Sísí Múní lọ́wọ́, wọ́n jáde. Ó ní kí n kó àwọn ìgò náà tẹ̀lé wọn lọ sí ọ́fíìsì.

N kò tíì dé ọ́fíìsì tí mo fi gbọ́ igbe ọmọ.

Àwọn ọmọ ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Sísí Múní fi etí aṣọ gbé kẹ́túlù kúrò lórí iná, ojú rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn àlejò lọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó kọ lu bẹ́ǹṣì. Omi náà dà sí Ràmọ́tù lápá.

Èmi ni mo gbé ọmọ náà pọ̀n sáré lọ sí ọsibítù. Ó fi ojú sí mi lẹ́yìn ọrùn, ó ń sunkún, aṣọ mi rin. Nígbà tí mo padà dé ilé ìwé, wọ́n ti sọ ìtàn náà tán. Ọ̀gá ilé ìwé dúró sídìí tábìlì, Sísí Múní jókòó.

"Ṣé òótọ́ ni pé o fi omi gbígbóná sílẹ̀ láàrin ọmọdé, o wá jáde lọ ra nǹkan?"

Mo wo Sísí Múní. Ó ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀.

"Òótọ́ ni mo jáde, sà, ṣùgbọ́n..."

"Mo ti kìlọ̀ fún un," Sísí Múní ní, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń dunni, bí ohùn ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ ìyá rẹ̀. "Mo ní kó má gbé iná wọ kíláàsì. Ẹ bá mi forí jì í, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni."

Kì í ṣe irọ́ náà ló dùn mí jù. Ohùn náà ni. Ohùn tó fi ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe ló fi sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àgbà pè mí sí pálọ̀. Àwọn àgbà agbo ilé mélòó kan ti jókòó síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Bàbá Àgbà na ọwọ́, wọ́n gbé e lé mi lórí.

"Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. A mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Múní ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wa, kò fi ọ̀kan pamọ́."

Ayọ̀ gbé mi fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

"Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ mi," wọ́n ń bá a lọ. "Ìńsípẹ́kítọ̀ ti ní àwọn fẹ́ rán Múní lọ sí ìlú òyìnbó lọ kàwé sí i. Nínú agbo ilé yìí, kò tíì sí obìnrin tó lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé òun ló da omi sí ọmọ ọlọ́mọ lára, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwọ ní tìrẹ, o níbi tí o lè padà sí."

"Bàbá, ẹ wá bá wa ní Kùmásì. Ẹ ní ibí ni ilé mi."

"Ilé rẹ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi lè bẹ̀ ọ́. Ṣé àlejò ni èèyàn ń bẹ̀ pé kó bá òun ru irú ẹrù báyìí?"

Mo wo ojú gbogbo wọn. Kò sí ìkà kankan lójú wọn. Wọ́n ń káàánú mi ní tòótọ́. Mo ti rò látọjọ́ yìí pé bó bá ṣe pé wọ́n lé mi ni, bóyá n bá jà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi tì mí jáde. Àwọn ọmọ oníyọ̀ ní Kùmásì ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò lọ sílé. Wọn ò mọ̀ mí, wọn ò jẹ mí ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó wá pè mí wálé, ló bi mí ní ìbéèrè kan náà pẹ̀lú ọwọ́ lórí mi.

Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyìn ẹ̀kọ́ náà di ti Sísí Múní. Ìjóná rẹ̀ di tèmi.

Bàbá mi ní oníbàárà kan ní Kùmásì tó ní tẹlifóònù nílé ìtajà rẹ̀. Mo rán obìnrin kan tó máa ń kó aṣọ lọ síbẹ̀ pé kó sọ fún bàbá mi ọjọ́ tí wọ́n máa dúró sídìí rẹ̀. Mo lọ sí posófíìsì tó wà ní Marina. Mo jókòó títí akọ̀wé fi pè mí pé ìlà ti ṣí. N kò fi tẹlifóònù bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí. Ariwo kan ń hó nínú rẹ̀ bí òkun, ohùn bàbá mi sì wà ní ìsàlẹ̀ ariwo náà, wọ́n ń kígbe bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

"Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú rẹ?"

Mo ti mú gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá. Ó kún ẹnu mi.

"Mo ní ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi, Bàbá."

"Alihamudulilai! Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Sọ fún wọn pé mi ò ní gbàgbé." Wọ́n yíjú sí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì gbọ́ ọ kedere: "Ó ti délé! Ọmọ mi ti délé!"

Ìlà náà já. Akọ̀wé ní, "Madam, ó ti tán." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ń di ẹrù nígbà tí ìyá Ràmọ́tù wá sí agbo ilé wa. Ará Ìjẹ̀bú ni, obìnrin tó tóbi, tí kì í sọ̀rọ̀ yípo. Kò wọ pálọ̀ Bàbá Àgbà. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló dúró sí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n nítorí apá ọmọ.

"Dìde. Apá rẹ̀ ń san. Mò ń se ọbẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo ṣí ìdérí ìkòkò, ọmọ náà ní, 'Màmá, ẹ wo omi tó fò tó tún padà sílẹ̀.' Mo ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní ìwọ ni. Mo ní ìwọ tó da omi sí i lára? Ó ní, 'Rárá o. Tíṣà mi ò sí níbẹ̀. Sísí Múní ni.' Kí ló dé tí o fi dákẹ́?"

"Ẹbí ló bẹ̀ mí, Mà."

"Ẹbí wo? Àwọn tó ń jẹ ẹran, tí wọ́n ń fún ọ ní eegun?" Wọ́n wo àpótí mi. "Kùmásì lò ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Bí o bá lọ, o ti gbà pé ìwọ lo ṣe é nìyẹn."

Àwọn ló bá mi wá yàrá ní Ọbàléndé, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Àwọn ló lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kan tó wà níbẹ̀, wọ́n sọ ohun tí ọmọ wọn rí fún un, wọ́n ní, "Ọmọ mi lomi jó. Bí ó bá tẹ́ èmi lọ́rùn, kí ló kù tí ẹ ń wádìí?" Wọ́n gbà mí. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí mo tún mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ariwo àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń wọlé láti gáréèjì, n kò gbọ́ ohùn ara mi dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń gbọ́ mi. Ó tó mi.

Èèyàn máa ń bi mí bóyá mo ti di ará Èkó. Ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni mo bímọ sí, kò sì sẹ́ni tó ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tí mo bá tan kò sọ Èkó di ilé fún mi, àwọn tí n kò bá tan ló sọ ọ́ di ilé. N kò sọ fún bàbá mi títí wọ́n fi kú. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn dé ìparí, mo sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà lọ́dọọdún, nígbà Iléyá, nínú pálọ̀ kan náà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kó lọ sí Ọbàléndé, Sísí Múní dé láti ìlú òyìnbó. Bàbá Àgbà ní kí gbogbo ẹbí wá, mo sì lọ, mo gbé ọmọ mi pọ̀n. Ó ti sanra, ó wẹwù òyìnbó, ó pín ọṣẹ àti súwẹ́tà fún wa. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dì mọ́ mi, ó yíjú sí àwọn àlejò.

"Àbúrò mi nìyí. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ tíṣà. Ó fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ nígbà kan, ọ̀rọ̀ ọmọ tí omi jó. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá."

Àwọn àlejò ní, "Aámín, aámín." Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò parọ́. Ó ti sọ ìtàn náà fún ara rẹ̀ títí ó fi di òótọ́.

Mo kúnlẹ̀, bí ó ti yẹ kí n ṣe fún ẹ̀gbọ́n. Mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í, kí gbogbo pálọ̀ lè gbọ́: "Sísí Múní, kí ni mo ṣe yín tí ẹ dárí rẹ̀ jì mí?"

Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá Àgbà ti darúgbó nígbà náà, wọ́n di tẹ̀sùbáà mú, wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀, ìka wọn kò sì yí ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Ọmọ ẹ̀yìn mi bú sẹ́kún.

Ẹnìkan ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, kí n jókòó, kí n jẹun, ilé mi ni mo wà.

Mo dìde, mo tún ọ̀já ọmọ mi so. Mo ní kí wọ́n má ṣe bínú, mo ti yó.